Ọkọ̀ Tí Ń Rìn Lábẹ́ Omi: Àwọn Ohun Àkọ́kọ́ Tí Ó Kan Àwa Ará Èkó

  Ọ̀rọ̀ tí a óò jọ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ti ọkọ̀ ogun ojú omi, pàápàá jù lọ ọkọ̀ tí ń mọ̀ọ́mọ̀ rì wọ inú òkun, tí yóò sì tún jáde láàyè. Kí ìyá kan má ṣe sọ pé, "Kí ni ó kàn mí nínú ọkọ̀ ogun? Èmi kò tà á ní ọjà Oshodi." Ẹ fara balẹ̀. Kí a tó parí ọ̀rọ̀, ẹ óò rí i pé ọkọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa ní Èkó rí, ó sì ti fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ìyá ìyá yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbé abọ́ irin òfìfo lé orí omi nínú àmù, yóò léfòó. Bí omi bá ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá kún, ó di ìsàlẹ̀ àmù. Gbogbo àṣírí ọkọ̀ abẹ́ omi kò ju báyìí lọ. Ó ní àwọn táǹkì ńláńlá lára. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá fẹ́ wọlẹ̀, a ó ṣí táǹkì kí omi òkun rọ́ wọlé. Bí ó bá fẹ́ gòkè, a ó fi afẹ́fẹ́ tí a ti kì mọ́ inú àgbá irin lé omi náà jáde, ọkọ̀ yóò sì fúyẹ́, yóò gòkè wá.

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é? Àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn mọ̀ dáadáa ni èyí tí ará Holland kan, Cornelis Drebbel, ṣe ní London ní nǹkan bí ọdún 1620. Ọkọ̀ onígi ni, awọ ni wọ́n fi bò ó, àjẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń fi wà á lábẹ́ odò Thames. Àkọ́kọ́ tí a gbé lọ sójú ogun ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1776. Turtle ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe ìjàpá omi, nítorí bí ó ti rí rogodo. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni onítọ̀hún sì fi ń yí ohun tí ń ti ọkọ̀ lọ. Ó fẹ́ so ohun abúgbàù mọ́ ìdí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní èbúté New York, ṣùgbọ́n kò rí i so.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ kéú, ọ̀kan nínú wọn nawọ́, ó ní, "Àfáà, Ànábì Yúnúsà ni ó kọ́kọ́ lọ sábẹ́ òkun, kò sì wọ ọkọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ti Ànábì Yúnúsà, iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ni. Ti àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ a sì máa bàjẹ́.

Ó sì bàjẹ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó kọ́kọ́ rì ọkọ̀ ọ̀tá nínú ogun ni H. L. Hunley, nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1864, ó fọ́ ọkọ̀ Housatonic ní ẹnu òkun Charleston. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin 8 tí wọ́n wà nínú Hunley fúnra rẹ̀ kò padà wálé mọ́. Ìsàlẹ̀ òkun ni ọkọ̀ náà wà títí di ọdún 2000 kí a tó gbé e jáde. Àwọn àgbà wa ti kìlọ̀ pé bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kí á má gbẹ́ ẹ jìn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Mùsùlùmí Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Ohun ìjà tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń jà ni a ń pè ní tọ̀pídò. Ó dà bí ẹja irin gígùn kan. Ó ní ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀, ó ń sáré nínú omi, orí rẹ̀ sì kún fún ohun abúgbàù. Ǹjẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ta tọ̀pídò láti abẹ́ omi ní gbogbo ayé? Kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ti Jámánì tàbí ti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ Sùltánì ilẹ̀ Tọ́kì ni, Sùltánì Abdülhamid Kejì, orúkọ Sùltánì náà ni ọkọ̀ sì ń jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tì í sí omi ní Istanbul.

Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Kristi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Garrett. Oníṣòwò ohun ìjà kan láti Sweden, Nordenfelt, ni ó sì ná owó sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀, wọ́n kó o ní ẹ̀là-ẹ̀là lọ sí Istanbul, ibẹ̀ ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Àlùfáà ṣe ọkọ̀, Mùsùlùmí rà á, oníṣòwò jèrè. Ọ̀rọ̀ ohun ìjà kì í bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀.

Kí n má tàn yín, ọkọ̀ náà kò dára tó òkìkí rẹ̀. Iná àti omi gbígbóná ni ó fi ń rìn bíi ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́. Kí ó tó lè wọ abẹ́ omi, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná, ooru tí ó kù nínú omi gbígbóná ni yóò sì máa lò. Bí ẹnì kan bá rìn lọ síwájú nínú rẹ̀, imú ọkọ̀ yóò doríkodò. Bí ó bá rìn sẹ́yìn, ìdí yóò lọ sílẹ̀. Díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ta ni yóò bá wọn wí? Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ ń jẹ́. Ìtàn ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Sùltánì Abdülhamid yìí kan náà ni ó rántí Èkó. Nígbà tí Alàgbà Mohammed Shitta, ẹni tí a bí ní Sàró, fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá nì sí òpópó Martins, ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Sùltánì rán Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Liverpool, pé kí ó ṣojú òun. Ó rin òkun wá sí Èkó, ó sì gbé oyè Bey wá fún Alàgbà Shitta. Láti ọjọ́ náà ni ìdílé yẹn ti ń jẹ́ Shitta-Bey. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá mú àwọn ọmọ yín kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí yẹn, ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ tí ó fi oyè ránṣẹ́ sí Èkó ni ọwọ́ tí ó ni ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ta tọ̀pídò láti abẹ́ omi.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Oshodi wa níhìn-ín. Àìmọye ènìyàn ni ó ń wọ ọkọ̀ ní Oshodi lójoojúmọ́ tí wọn kò mọ̀ pé orúkọ jagunjagun ni wọ́n ń pè. Ìjòyè Oshodi Tapa ni. Ọmọ ilẹ̀ Tápà ni, a mú un wá sí ààfin Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú ní ayé Ọba Èṣìnlòkun, ọgbọ́n àti ìgboyà rẹ̀ ni ó fi di ìjòyè ńlá lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí Kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, John Beecroft, kó ọkọ̀ ogun wá láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò kí ó sì dá Akíntóyè padà sórí oyè, Oshodi Tapa ni ó ṣáájú àwọn tí ó dáàbò bo Èkó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ wọn wọ ọ̀sà. Àwọn ará Èkó lé wọn padà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọmọ ogun ojú omi tí ó lágbára jù ní ayé nígbà náà ni a lé padà ní ọ̀sà Èkó. Ní òpin oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ onírin tí ń fi èéfín rìn, Bloodhound, àti èkejì rẹ̀, Teazer. Àwọn ará Èkó ti gbẹ́ yàrà sí etí omi, wọ́n sì ti ri òpó igi sínú omi kí ọkọ̀ má baà lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì gúnlẹ̀ sórí yanrìn. Ṣùgbọ́n ìbọn àgbá Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju tiwa lọ. Ilé jó, ìlú gbóná janjan. Nítorí ìró àgbá náà ni àwọn àgbà fi ń pè é ní Ogun Agídíngbì. Kòsọ́kọ́ àti Oshodi Tapa fi Èkó sílẹ̀, wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ní ọdún 1862 ni wọ́n padà sí Èkó, àwọn ènìyàn Oshodi sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Lónìí, ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi wa ní Apapa ń jẹ́ Beecroft. Orúkọ ẹni tí ó dojú àgbá kọ Èkó wà ní etí omi. Orúkọ ẹni tí ó dúró dè é wà ní ibùdókọ̀ wa. Ọmọ tí ó bá mọ èkíní gbọ́dọ̀ mọ èkejì.

Ìtàn tí ó kàn yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá fetí sí jù. Nínú ogun àgbáyé kìíní, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí rì àwọn ọkọ̀ oníṣòwò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1915, ọ̀kan nínú wọn ta tọ̀pídò lu Falaba, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster tí ó ń kó èrò bọ̀ ní etíkun wa láti Liverpool. Ènìyàn 104 ni ó kú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà tí ó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Òun ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì pa nínú ogun náà.

Nígbà tí ogun kejì dé, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-69, yọ́ wá sí ẹnu òkun Èkó gan-an. Kò ta tọ̀pídò. Ó rọra kó bọ́ǹbù sínú omi bí ẹni ń gbin ìṣù ebè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, Robert Hughes, ọkọ̀ tí ń wa yanrìn kúrò ní ẹnu òkun Èkó kí ọ̀nà ọkọ̀ má baà dí, kọlu ọ̀kan nínú bọ́ǹbù náà, ó sì rì. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀nà ni ó ń ṣe, bí ẹni tí ń gbá ojú títì.

Ní òru ọjọ́ kan láàárín oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 1943, ọkọ̀ kan ṣoṣo, U-515, rì ọkọ̀ ẹrù 7 nínú àwọn tí wọ́n jọ ń lọ láti Takoradi sí Freetown. Ní oṣù kẹwàá ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti rì Abosso, ọkọ̀ Elder Dempster mìíràn, ènìyàn 362 sì bá a lọ. Àwọn atukọ̀ láti Èkó àti láti Freetown ń ṣiṣẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: àwọn ni wọ́n ń ko èédú sínú iná, àwọn ni wọ́n ń se oúnjẹ, àwọn ni wọ́n ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó wà nídìí iná nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni omi kọ́kọ́ ń bá. Ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò rí òkú sin, kò rí ibojì tí yóò dúró tì ṣe àdúà. Ẹ̀kọ́ Ànábì wa tù ú nínú pé ẹni tí omi pa wà lára àwọn ṣàhídì, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ yóò ṣì béèrè pé, "Bàbá mi dà?"

Ìkòkò ọbẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ ń rì, tí àwọn tí ó kù sì ń gbé ẹrù ogun, ohun tí ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n. Iyọ̀ wọ́n, ṣúgà wọ́n, aṣọ wọ́n. Gààrí tiwa gan-an gbówó lórí. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ iye owó oúnjẹ lé Òyìnbó kan, Captain Pullen, lọ́wọ́. Ó dá iye tí a ó máa ta oúnjẹ fún àwọn obìnrin ọjà, iye náà kò sì bá iye tí wọ́n fi rà á mu. Ẹni tí ó dìde ni Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, Mùsùlùmí òdodo, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Ìjọba fẹ́ fún un ní owó oṣù kí ó lè bá wọn tẹ àwọn obìnrin lórí ba; ó kọ̀ ọ́. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò: ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ra ọjà ní sísì tí ó tà á ní tọ́rọ́ yóò sun ebi. Ọdún 1951 ni ó jáde láyé. Ẹ wò ó bí ọkọ̀ tí ojú kò rí lábẹ́ òkun ṣe dá ìjà sílẹ̀ ní ọjà gààrí.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn U-69 ni pé ẹni tí ó kó bọ́ǹbù náà sílẹ̀ ti lọ tipẹ́ kí ó tó pa ènìyàn. Bọ́ǹbù kì í mọ ẹni tí ó ń dúró dè. Àwa ará Isolo mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ikeja bẹ̀rẹ̀ sí bú. Kò sí ogun, kò sí ọ̀tá. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn, wọ́n gbé ọmọ dání, wọ́n sáré dé kánààlì Òkè-Àfá. Ewéko ti bo ojú omi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ó kú ní ọjọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn nínú omi, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí ń wa yanrìn ní ọdún 1941, ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n ní ọdún 2002: ohun ìjà tí a kó pamọ́ láìbojú tó o ni ó pa àwọn méjèèjì.

Bí mo ti sọ èyí, kì í ṣe pé kí a kórìíra àwọn ọmọ ogun ojú omi wa. Ẹni tí ó ní òkun gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́. Oṣù kẹfà ọdún 1956 ni a dá tiwa sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí wọn ni Joseph Akinwale Wey, ní ọdún 1964. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Calabar. Ọkọ̀ ogun wọn ńlá kan, Aradu, Jámánì ni a ti kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1982. Ọkọ̀ ogun àkọ́kọ́ tí a kàn nílé níhìn-ín ni Andoni, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Ní ọdún 2012 yìí náà ni Itunu Hotonu, ayàwòrán ilé, di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè Rear Admiral nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ní Oshodi wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun tí ń fẹ̀yìn tì, ni àwọn tí ó ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣọ́ òkun ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó padà sílé.

Ọkọ̀ abẹ́ omi ni Nàìjíríà kò tíì ní. Nínú àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì, Àlùjéríà àti South Africa ní tiwọn. Pakistan náà ní: Hangor, ọkọ̀ wọn, rì ọkọ̀ ogun India kan ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1971, òun sì ni ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tí ó rì ọkọ̀ ọ̀tá láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ti parí. Ti Amẹ́ríkà, Nautilus, ni ó kọ́kọ́ fi agbára átọ́míìkì rìn, ní ọdún 1955. Ní ọdún 1958 ó gba abẹ́ yìnyín kọjá ní òpin ayé níhà àríwá.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ méjì ni mo bẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èkíní, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ: ta ni Oshodi? Ọkọ̀ ta ni ó kọ́kọ́ ta tọ̀pídò láti abẹ́ omi? Kí ni Pẹlẹ́wúrà kọ̀? Ẹni tí ó bá gbà á, ẹ fún un ní ẹran kan lé e. Èkejì, bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ẹbí yín tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ nígbà ogun tí kò padà, ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè orúkọ ẹni náà, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ àti ọdún tí ó lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí àgbà náà tó bá tirẹ̀ lọ. Òkun kò fún wọn ní ibojì; ẹ jẹ́ kí ìwé ilé yín fún wọn ní orúkọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí.